Lẹ́tà Tí Tìmílẹ́hìn Gbé Padà sí Ẹgbẹ́dá

Orúkọ Morónikẹ́ ni Tìmílẹ́hìn kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí Morónikẹ́ fúnra rẹ̀. Ọdún 1989 ni, oṣù kẹta, ooru ń mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí irúgbìn kan wà lọ́nà Mọ́níyà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa nínú wọn. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí yunifásítì pé kí wọ́n fi olùkọ́ kan ṣọwọ́. Tìmílẹ́hìn ni wọ́n rán, ọmọ Fádèyí tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ l'Olódò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, kò lẹ́ran lára, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

Ìgbà tó débẹ̀, wọ́n ti lọ jẹun ọ̀sán, kò bá ẹnì kankan. Ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà ní kó mú pásíwọ́ọ̀dù wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè wọlé. Tìmílẹ́hìn gbójú sókè báyìí, ló bá rí pépà kékeré kan tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Morónikẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí.

Ó ń dá rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ló gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ibẹ̀ yẹn, sà?"

"Morónikẹ́ ni."

"Èmi ni Morónikẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ wọlé."

"Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn tán tẹ́ ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé òun lẹ ń pè."

Obìnrin kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nimotallahi ni, òun ló ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì yẹn, Àǹtí Nímọ́tà ni gbogbo wọn ń pè é. Ṣùgbọ́n Morónikẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó já pépà náà kúrò, ó ká a, ó jù ú sínú báàgì.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin olùkọ́."

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kí Tìmílẹ́hìn fi kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Bó bá ti kọ́ wọn tán ní àárọ̀, á tún wá ìdí kan tó fi máa padà wá lọ́sàn-án, pé òun gbàgbé bírò, pé òun fẹ́ wò bóyá iná ti dé. Àǹtí Nímọ́tà sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bírò tó ò ń gbàgbé níbí yìí, a ti lè fi ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ ń wọ ọkọ̀ lọ sílé, nítorí Ẹgbẹ́dá ni Morónikẹ́ ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Olódò ò sì jìnnà síbẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni Tìmílẹ́hìn ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló máa lè kà á.

"Ta ló fẹ́ jí nǹkan nínú kọ̀ǹpútà?" Morónikẹ́ bi í. "Olè Ìbàdàn, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé."

"Ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo àṣírí ayé máa wà níbẹ̀. Ìwé dókítà, èsì ìdánwò, lẹ́tà ọkọ sí ìyàwó. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ wa wà nínú àwọn tó mọ ilẹ̀kùn tì."

"Ọmọ wa?"

"Ọmọ ilẹ̀ wa ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́," Morónikẹ́ wí, ó kọjú sí fèrèsé. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.

Kí n má parọ́ fún yín, ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí máa ń sú Tìmílẹ́hìn fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà fún ọgọ́ta ọmọ ilé ìwé, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń rọ kọ́kọ́rọ́ fún ilé tí wọn ò tíì kọ́. Ó máa ń pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì, àwọn kan á ti ọ̀rọ̀ pa, àwọn kan á máa wá bí wọ́n ṣe máa ṣí i, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń jò. Eré ọmọdé ló jọ lójú ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún ọdún méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, lẹ́tà dé láti ìlú òyìnbó. Wọ́n gbà á láti wá gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, wọ́n á sì máa gbọ́ bùkátà òun àti ìyàwó, bó bá ní. Oṣù kan péré ló kù. Fádèyí kọ lẹ́tà ìtọrọ sí ìdílé Morónikẹ́ bí àṣà ṣe wí, wọ́n sì bẹ Àǹtí Nímọ́tà pé kó ṣe alárinà, torí òun àti bàbá ọmọ jọ ń gbé àdúgbò kan náà.

Àǹtí Nímọ́tà lọ, ó bọ̀. Ó bá Tìmílẹ́hìn l'Olódò, ó jókòó, ó gba omi mu.

"Mo yìn ẹ́," ó wí. "Mo yìn ẹ́ débi tí ìyìn parí sí."

"Kí lẹ sọ fún wọn, Àǹtí?"

"Mo ní ọkọ tí ọmọ wọn mú wá yìí, kò sí lẹ́tà tí wọ́n lè tì pa láyé tí ò ní í ṣí. Mo ní iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo ní ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Tìmílẹ́hìn gbé orí lé ọwọ́.

"Kí ló dé? Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Kì í ṣe irọ́, Àǹtí. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bàbá Morónikẹ́, Bàbá Adéwọlé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ pósítọ́fíìsì. Ó fi ipò ọ̀gá fẹ̀yìn tì, títí dòní Bàbá Pósítọ́fíìsì ni wọ́n ń pè é n'Ẹgbẹ́dá. Bó bá ń ka oore Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ka ilé, kì í ka mọ́tò. Ohun tó máa ń sọ ni pé láti ọjọ́ tóun ti wọṣẹ́, lẹ́tà tóun bá fọwọ́ ara òun lẹ̀, ẹni tó ni ín ló ń ṣí i. Ó ti lé akọ̀wé mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé wọ́n yọjú wo lẹ́tà olólẹ́tà. Irú bàbá yẹn ni Àǹtí Nímọ́tà lọ bá, tó ní ẹni tó ń ṣí lẹ́tà ló fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní kí Tìmílẹ́hìn wá fúnra rẹ̀ ní Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá ò tètè ní kó dìde.

"Ṣé òótọ́ ni nǹkan tí Nimotallahi sọ?"

"Ó ku díẹ̀ tí wọn ò sọ, sà. Bí ògiri ò bá lanu, aláńgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ń wá ibi tí ògiri ti lanu ni, kí onílé lè dí i."

"Aláńgbá náà, ohun tó máa wí nìyẹn bí wọ́n bá ká a mọ́ ara ògiri." Bàbá mi orí. "Dìde. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́pàá la máa ń pè fún ẹni tó bá ń ṣe nǹkan tó ò ń kọ́ ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ èsì sí bàbá ẹ."

Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú lẹ́tà kan. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Orúkọ ẹ̀gbọ́n Bàbá tó wà l'Akanran ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi lolórí ẹbí. Lẹ́tà ìdílé wa kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Kùtù ọ̀la ni wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn n'Ìjẹ̀bú, ó di oṣù méjì kí wọ́n tó dé. Ìwọ lò ń kánjú lọ ìlú òyìnbó, gbé e lọ fún wọn. Bó ò bá bá wọn lónìí, á jẹ́ pé ó di ìgbà tó o bá tòkè òkun dé."

"Èsì wa ló wà níbẹ̀, sà?"

"Òun ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Tìmílẹ́hìn fi lẹ́tà sínú fáìlì, ó kó sọ́kọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn lọ Akanran. Wọ́n há mọ́ra wọn nínú ọkọ̀ náà bí iṣu inú àká, òógùn ń ṣàn. Nígbà tó dé gáréèjì Akanran n'Ìbàdàn, ó yọ lẹ́tà náà láti wò ó. Ẹnu àpò lẹ́tà ti là gbàgà. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ, ó ń wó kalẹ̀ bí èépá ara. Etí pépà inú rẹ̀ yọ jáde, ó rí òkè ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan. Ojú rẹ̀ ń yún un. Bó bá kàn fi ìka kan gbé pépà yẹn sókè, á mọ̀ bóyá òun máa fẹ́ Morónikẹ́ tàbí òun ò ní í fẹ́ ẹ. Ta ló máa mọ̀? Bó bá sì gbé e lọ fún Bàbá Akanran báyìí, ẹnu tó là, wọ́n á ní wọ́n ò ṣáà purọ́ mọ́ ọn, olè lẹ́tà ni. Bó bá wá fi itọ́ pa á lẹ́nu, tó rọra tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tó ṣe é.

"Akanran, ó ku ẹnì kan," awakọ̀ ń pariwo. "Ẹ̀yin bọ̀dá onífáìlì, ṣé ẹ ń lọ?"

Ní gbogbo oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí Tìmílẹ́hìn máa ń bá wọn sọ. Á ní, bẹ́ ẹ bá bá ilẹ̀kùn ẹnìkan tó ṣí sílẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kàn rọra fà á dé kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ, torí onílé tí ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun ò tì, bó ṣe máa sùn lọ́la náà nìyẹn. Ẹ lọ jí onílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ níwájú bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ igi yìí, ó korò.

Ó wo aago, ó ti lé ní agogo méjìlá. Ó wo ọkọ̀ Akanran. Ó dìde, ó sọdá títì, ó wọ ọkọ̀ Ẹgbẹ́dá.

Morónikẹ́ ló kọ́kọ́ rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ti dé Akanran báyìí?"

Ó fi lẹ́tà hàn án. Morónikẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"O wò ó?"

"Mi ò wò ó."

"Gbé e wá. Gọ́ọ̀mù wà ní yàrá mi, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá ń sùn, wọn ò ní í mọ̀ rárá. O ṣì lè bá ọkọ̀."

"Gọ́ọ̀mù wo ni wọ́n lò?"

"Èyí tó wà lórí tábìlì wọn, àtìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ló ti wà níbẹ̀. Kí lo fẹ́ fi mọ̀?"

"Á jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá fi lẹ̀ ló máa ṣí. Wọn ò sì mọ̀."

"Tìmí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa la wà lórí ẹ̀ yìí, ta ló ń sọ ti gọ́ọ̀mù? Ṣé o mọ̀ bó ṣe máa rí lára wọn pé ẹnìkan wá sọ fún wọn pé lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ ṣí? Ìwọ gan-an? Wọ́n á lé ẹ jáde."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"O sì fẹ́ sọ fún wọn?"

"Bí mo bá fi gọ́ọ̀mù bò ó fún bàbá ẹ lónìí, Morónikẹ́, kí ni màá máa fi bò ó fún ìwọ lọ́la?"

Morónikẹ́ dúró, ó ń wò ó. Kò bá a jiyàn mọ́. Ó yí padà, ó lọ jí bàbá rẹ̀.

Bàbá Adéwọlé jáde, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó gba lẹ́tà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ta ló ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i, sà. Gọ́ọ̀mù yín ló ti kú."

Bàbá fi èékánná họ gọ́ọ̀mù náà, ó ń já bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó tún fi ojú ọ̀gá pósítọ́fíìsì yẹ pépà inú rẹ̀ wò. Bàbá ní bó ṣe máa ń ká lẹ́tà, á ká a ní mẹ́ta, á wá ki igun kan bọ inú èkejì, ẹni tó bá tú u ò ní í lè dá a padà bó ṣe wà. Igun náà ṣì wà nínú èkejì.

"Èsì tó ò ń wá, inú ibí ló wà. Kò wù ẹ́ kó o wò ó?"

"Ó wù mí, sà."

"Kí ló dé tó ò wò ó?"

"Orúkọ mi kọ́ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, sà."

"Ó dáa. Kí ló wá dé tó ò kàn lẹ̀ ẹ́ padà, kó o máa lọ? Akanran lo ìbá wà báyìí."

"Lọ́jọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá tún kọ lẹ́tà, sà, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì tí ò ní í gbé e padà."

Bàbá jókòó. Lójú Tìmílẹ́hìn, ó dà bí ẹni pé bàbá náà ṣàdédé di arúgbó lórí àga yẹn. Ó ń wo ìgò gọ́ọ̀mù orí tábìlì bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà.

"Ṣé ohun tó ò ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn nìyẹn?"

"Òun ni, sà. Ṣíṣí tí wọ́n ń ṣí i, kí wọ́n lè wá jí onílé ni."

"Kí ló wá dé tí Nimotallahi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń yìn ín ni, sà," Morónikẹ́ dáhùn.

Ẹ̀rín fẹ́ mú Bàbá, ó gbé e mì. Ó ní kí Morónikẹ́ gbé pépà wá. Ó kọ lẹ́tà mìíràn, kò pẹ́ lórí ẹ̀ rárá, ìlà mẹ́ta péré. Lẹ́yìn náà ló ṣí dúróà, ó yọ ìda pupa àtijọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó tan àbẹ́là, ó yọ́ ìda sí ẹnu lẹ́tà tuntun, ó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún yọ́ ìda sí ẹnu lẹ́tà àkọ́kọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ sínú dúróà, ó ti dúróà pa. Ó wá na lẹ́tà tuntun sí Tìmílẹ́hìn.

"Wò ó dáadáa. Ibo ló ti ń jò?"

Tìmílẹ́hìn yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka wá etí rẹ̀ yíká, kò kánjú. Morónikẹ́ ti ń tẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Kò jò mọ́, sà."

"Ẹ máa lọ nígbà náà. Morónikẹ́, bá a lọ, kí wọ́n má baà ní ó jí ìda mi."

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé Akanran. Bàbá Akanran ti di ẹrù tán, ó ń ti adìẹ sínú àgò. Ó já ìda, ó gbé lẹ́tà jìnnà sí ojú, ó kà á sókè ketekete: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fún un. Ẹ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó lọ. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, ẹ bá mi ra gọ́ọ̀mù tuntun."

Ó wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Gọ́ọ̀mù kẹ̀?"

Ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì ń rín.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ẹgbẹ́dá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó má padà, wọ́n ní kí ló fẹ́ wá ṣe nílé. Ó ní àwọn ọmọ òun ń dúró. Morónikẹ́ bi í pé àwọn ọmọ wo, ó ní, "Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa." Morónikẹ́ ní, "Mo gbọ́." Èjìká Morónikẹ́ ni àkọ́bí wọn ń sùn sí lọ́wọ́.

Wọ́n padà ní 1995. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí Tìmílẹ́hìn tó fi ẹfun kan bọ́ọ̀dù, á lọ gbé Bàbá Adéwọlé n'Ẹgbẹ́dá. Bàbá á dúró níwájú àwọn ọmọ tuntun, á gbé ìgò gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ sókè, á ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ pósítọ́fíìsì. Gọ́ọ̀mù mi kú, èmi ni mi ò mọ̀." Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ló wà káàkiri lónìí, tí wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún iléeṣẹ́ ńláńlá, tí ẹnikẹ́ni ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ní 2006, wọ́n fi Tìmílẹ́hìn jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n jókòó n'Ẹgbẹ́dá lọ́jọ́ náà, òun, ìyàwó rẹ̀, Bàbá, àti Àǹtí Nímọ́tà tó ní bí òun ò bá yìn ín ni, kò ní í dé ibẹ̀. Bàbá sún mọ́ dúróà, ó yọ lẹ́tà kan tí ìda pupa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí tó o gbé padà lọ́jọ́ kìíní nìyí. Láti ọjọ́ yẹn, o ò bi mí rí."

"Kì í ṣe tèmi, sà."

"Ẹni tó ni ín ti sùn." Bàbá Akanran ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. "Ó ti padà di tèmi tí mo kọ ọ́. Mo fún ọmọ mi."

Morónikẹ́ já ìda, ó yọ igun kan kúrò nínú èkejì, ó kà á. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tójú ń tì. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Tìmílẹ́hìn bi í.

"Orúkọ ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ti Bàbá Akanran."

"Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n délé, Morónikẹ́ fi lẹ́tà náà sínú agolo bisikíìtì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Pépà kékeré kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sẹ̀lótéèpù rẹ̀ ti pọ́n, orúkọ Morónikẹ́ ló wà lára rẹ̀. Agolo náà ò ní kọ́kọ́rọ́, ìdérí rẹ̀ gan-an ò dé dáadáa mọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Tìmílẹ́hìn ò tíì ṣí i.